Ẹni Tó Fi Ọdún Mẹ́rin Ka Ewé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orogún nìkan ló ń jowú. Ìbíyẹmí, ọmọ Díákónì Adéníjì, kò tíì lọ́kọ débi tí yóò ní orogún, ṣùgbọ́n owú tó ń jẹ nítorí Dọlápọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyálé mẹ́ta lè pín in jẹ kó ṣẹ́ kù.

Iṣẹ́ kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà padà sí bárékè ni, gbogbo ayé ń sọ pé owó ń bọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń báni ra ìpín nínú kámpánì ńlá sì ń ṣí káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn ní Palmgrove ń wá ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tí wọn yóò gbà síṣẹ́. Àwọn méjèèjì kọ̀wé, wọ́n sì pe àwọn méjèèjì fún ìntáfíù. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni Ìbíyẹmí kà ní yunifásítì, ó sì yege dáadáa. Kí ni Dọlápọ̀ kà? Bótánì! Ẹni tó fi ọdún mẹ́rin ka ewé ló fẹ́ wá bá a du iṣẹ́ owó.

Síbẹ̀, Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló ní kí Dọlápọ̀ máa wá láti Abúlé Òkúta kí àwọn jọ kàwé, torí ó fẹ́ kí ẹnì kan rí bí òun ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ilé ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ ní Ṣómólú ni wọ́n ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, láàárín òórùn yíǹkì àti ìdì pépà. Òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo atẹ̀wé àdúgbò náà mọ̀: iṣẹ́ oníbàárà kì í jáde lẹ́nu kí oníbàárà tó wá gbé e. Ẹni tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò ń pa ẹnu mọ́, ẹni tó ń tẹ ìwé olóṣèlú náà ń pa ẹnu mọ́. Ẹnu tí Díákónì pa mọ́ yẹn ló fi ń jẹun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìbíyẹmí ń ka ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpín àti ẹ̀yáwó bí ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù tó ń ka àkọ́sórí. Dọlápọ̀ ronú díẹ̀.

"Ìbíyẹ, jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ká ní apẹja kan létí ọ̀sà Bàrígà fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi. Tí mo bá bá a dáwó ọkọ̀, ìpín ni mo rà yẹn. Tó bá pẹja, mo pín níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá rì, owó tèmi náà rì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé mo yá a lówó ni, ó pẹja o, kò pẹja o, ó máa san owó mi pẹ̀lú èlé. Àbí?"

Díákónì tó ń nu ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. "Ó mà yé èmi náà o! Ọmọ Ìjẹ̀bú, a bí owó mọ́ yín ni. Ìbíyẹmí, ṣé o gbọ́? Bó ṣe yẹ kéèyàn máa sọ ọ́ nìyẹn."

Ọjọ́ wo ni bàbá òun ti yin òun báyẹn rí? Ìbíyẹmí fipá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa gan-an," ọ̀rọ̀ náà sì korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí wọn kò fọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kó ìwé wọn, ojú àwọn méjèèjì bọ́ sórí iṣẹ́ tuntun tó wà lórí tábìlì, ìròyìn ọdún ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ńlá kan. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá ní ìpín méjì yóò gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Díákónì yára da aṣọ bò ó.

"Ojú yín ò rí nǹkan kan o."

"A ò rí nǹkan kan, sà," ni àwọn méjèèjì fi dáhùn.

Lọ́jọ́ ìntáfíù, wọ́n pe àwọn méjèèjì wọlé pọ̀ síwájú ọ̀gá àgbà kan àti obìnrin kan. Obìnrin náà béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpín àti ẹ̀yáwó. Ìbíyẹmí dáhùn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, kò sì ṣì í. Wọ́n mi orí. Dọlápọ̀ wá gbé ọkọ̀ apẹja rẹ̀ dé. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní bí apẹja náà bá kú ńkọ́? Dọlápọ̀ fèsì, obìnrin náà dá sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í tàkúrọ̀sọ bí ará ilé kan náà. Ìbíyẹmí jókòó tì wọ́n bí àlejò tí wọn kò bu oúnjẹ fún.

"Tí oníbàárà bá wọlé báyìí," ni ọ̀gá wí, "ìpín ilé iṣẹ́ wo lẹ máa ní kó rà?"

Dọlápọ̀ kò tíì yanu tí Ìbíyẹmí fi sọ ọ́ jáde. "Ti ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, sà! Wọ́n máa fún àwọn onípìn-ín ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lórí méjì."

Ẹyin lohùn. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀.

"Àwa là ń bá wọn ṣiṣẹ́ yẹn. Ìròyìn náà ò tíì jáde. Ta ló sọ fún ẹ?"

Ìgbà yẹn ni ojú Ìbíyẹmí tó là. Bó bá dárúkọ bàbá rẹ̀, ilé iṣẹ́ wo ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá sí Ṣómólú fún un? "Mo... mo kàn rò ó ni, sà."

"O rò ó, o sì mọ̀ pé ọ̀kan lórí méjì ni?" Ọ̀gá yíjú sí Dọlápọ̀. "Ẹ jọ wá ni. Níbo ló ti gbọ́ ọ?"

Ìbíyẹmí kò lè wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló wà lórí àga yẹn, ó mọ ohun tí òun ì bá sọ.

"Ẹ má bínú, sà," ni Dọlápọ̀ wí. "Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ kí wọ́n yin òun, ó máa ń hùmọ̀ nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ ọtí ló ní ó máa fúnni ní ọ̀kan lórí méjì. Ó kàn bá a mu lónìí ni."

Ọ̀gá wo Ìbíyẹmí títí, ó fa ìlà gbọọrọ sórí ìwé rẹ̀, ó sì ní kó máa lọ. Dọlápọ̀ dúró sẹ́yìn.

Nígbà tó jáde, ó ti gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò yọ̀. "Bàbá ẹ ni mo rò o, Ìbíyẹ. Má bínú pé mo sọ ẹ́ di onírọ́."

Ìbíyẹmí mọ̀ pé ọpẹ́ ló kàn, ọpẹ́ náà kò sì jáde. Iṣẹ́ tó bọ́ kọ́ ló ń dùn ún jù. Bàbá rẹ̀ ni, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á, Dọlápọ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ẹni tó ka ewé yìí tún dára ju òun lọ níbi ọ̀rọ̀ bàbá òun.

Díákónì ń dúró dè é nílé ìtẹ̀wé. Nígbà tó gbọ́ ẹni tí wọ́n mú, ó pàtẹ́wọ́.

"Ìwọ náà máa rí tìẹ, lágbára Ọlọ́run. Ṣé o bá a yọ̀?"

"Mo bá a yọ̀, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irú ọmọ yẹn, bíi kó jẹ́ èmi ni mo bí i."

Bó bá jẹ́ irọ́ ni bàbá rẹ̀ pa, Ìbíyẹmí ì bá jà. Ó lọ bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìn ìdì pépà, kí bàbá rẹ̀ má baà rí ojú òun.