Apá Òsì Mọrádéyọ̀ Fẹ́ Búra

Ọ̀sán gangan ni Mọrádéyọ̀ lá àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe léṣe. Onídìrí ni, ará Ìkìrun. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kan tó ń kánjú gún un lábẹ́rẹ́ náà sókè jù, ó bá iṣan èjìká. Abẹ́rẹ́ kò lẹ́bi; ibi tí wọ́n gún un sí ló burú. Láti ìgbà náà, apá òsì rẹ̀ kò gòkè mọ́, ọwọ́ kan kì í sì í dirun.

Lójú àlá, ọ́fíìsì náà gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lókè òrùlé. Kò ya Mọrádéyọ̀ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ti tó àwọn ará ọ́fíìsì náà mọ́. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó bá wọn lọ.

Ọ̀gá ibẹ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò títí. "Màmá, ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

"Apá mi ni, sà."

"Kó gbéra sókè, kó búra."

"Kò lè gbéra, sà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"A jẹ́ pé ẹ ò ní ẹlẹ́rìí."

Apá náà fọhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó búra, sà."

Ni abẹ́rẹ́ kan bá yọrí látinú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ó ní, "Èmi ni mo wọlé níjọ́ náà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀."

Ọ̀gá ní, "Abẹ́rẹ́ kì í sọ̀rọ̀ níbí." Bó ṣe ń wí i ni irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo tẹ̀ lé e lórí. Ó di ewúrẹ́. Ó fi lẹ́tà dókítà bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ fáìlì Mọrádéyọ̀ ní ewé kọ̀ọ̀kan.

Mọrádéyọ̀ dúró kó gbé e mì. "Ìgbà wo ni kí n padà wá, sà?"

"Mẹ̀ẹ́."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ Mọ́ńdè. Èsì tí wọ́n ti ń fún un láti ọdún méjì kò yé e jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akọ̀wé kan ló jí i, ó ń ta eyín. "Màmá, ọ̀gá ti lọ jẹun. A ò sì rí fáìlì yín mọ́."

Mọrádéyọ̀ kò bá a jà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yọ ẹ̀dà kẹrin fáìlì náà látinú báàgì, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ẹ buwọ́ lù ú lójú mi pé ẹ ti gbà á," ló wí, ó sì padà jókòó.