Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Sínágọ́gù

"Àrínọlá, bàtà rẹ dà?"

Gbogbo ojú yí sí ẹsẹ̀ Àrínọlá lábẹ́ tábìlì. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tirẹ̀ ní Thamesmead, ní London. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nínú òtútù January 1993. Àwọn Júù tó jókòó yí tábìlì ká wọ bàtà tiwọn pinpin. Ojú tì í bí ẹni tó wọ aṣọ lódì jáde.

Mr Lipman ló béèrè. Baba ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, Àrínọlá ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Barnfield Estate. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń ti baba lórí àga onítáyà wá síbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń jíròrò apá Tórà, ìwé Òfin Mósè, tí wọ́n máa kà ní Sátidé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun máa ń jókòó sí. Lónìí, baba ní kó wọlé nítorí òtútù.

"Ilé Ọlọ́run ni, sà," ló dáhùn. "A kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run."

Ẹ̀rín sọ, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ibi tí wọ́n kà dé gan-an nínú Ẹ́kísódù ni Ọlọ́run ti ní kí Mósè bọ́ bàtà níwájú igbó tó ń jó. Rábì, ọkùnrin kúkúrú tí kì í yé fọwọ́ ra irùngbọ̀n, yíjú sí i.

"Kí ló dé tí Ọlọ́run fi ní kó bọ́ ọ?"

"Ibi mímọ́ ni."

"Ìyẹn wà nínú ìwé. Kí ni ìwọ rò?"

Láti kékeré ni Àrínọlá ti ń ṣe Àmín. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ni ìwọ rò.

"Gbé e lọ sílé," ni rábì wí. "Mú èsì wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Ní Sunday, ó fi ayọ̀ sọ ọ́ fún Uncle Fọlárìn, olórí ìjọ wọn. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́.

"Sínágọ́gù? Ìwọ tá a fẹ́ fi jẹ Lady Leader ní Easter? Kí lo lọ wá níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Uncle. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí…"

"Ìbéèrè kì í gbani là. Bó o bá tún wọbẹ̀, forget about oyè yẹn."

Ó dun Àrínọlá wọra. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, tó ń fọ aṣọ pẹpẹ. Ó fẹ́ oyè náà, kí á má parọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó lè mú súwẹ́tà. Látọdún mẹ́fà tó ti dé London, inú àpótí yẹn ni aṣọ rẹ̀ wà, bí ẹni tó máa wọ bàálù lọ́la. Ó dúró, ó wò ó. Ẹ̀rín pa á. Èsì rábì rèé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun látọjọ́ yìí!

Ó lọ.

"Ìsáǹsá ni Mósè," ló sọ fún wọn. "Ilé àna ló ń gbé. Ẹni tí kò bọ́ bàtà, ó ṣì fẹ́ lọ ni. Lójú tèmi, ohun tí Ọlọ́run ń sọ fún un ni pé, 'O ti dé. Jókòó, ká sọ̀rọ̀.'"

Mr Lipman mira lórí àga rẹ̀.

"Ọdún 1938 ni mo sá fún àwọn tó ń lépa àwa Júù wọ ìlú yìí," ló wí. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. "Bá mi tú okùn bàtà yìí."

Ní Sunday, Uncle Fọlárìn pè é sẹ́yìn.

"Ṣé o lọ?"

"Mo lọ, Uncle. Ẹ lè gba oyè náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èsì tí mo mú lọ."

Ó sọ ọ́ tán, tòun ti àpótí. Uncle Fọlárìn wo ẹsẹ̀ lásán tirẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Orí wọ́dúróòbù ni àpótí tèmi wà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọdún kẹtàlá rèé. Ìyàwó mi ti pariwo títí." Ó wúkọ́. "Wá sọ ọ́ ní Bible class lọ́jọ́ Wednesday. Ti oyè yẹn, a ṣì máa jọ sọ ọ́."

Nígbà tí Àrínọlá délé, kò tíì bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn tó ti fa àpótí náà jáde, tó ń wá háńgà fún àwọn aṣọ inú rẹ̀.