Ààlọ́ Adépọ̀jù

"Mama, abeg, no touch am. E still hot."

Kingsley, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣọlápé yára fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá irin gbígbóná rẹ̀. Òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì lórí páànù ṣọ́ọ̀bù Kingsley ní Deco Road, oorun sì ń kùn ún. Nínú oorun díẹ̀díẹ̀ yẹn, ó ń gbọ́ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ ní èbúté Ubeji, bí ìgbà tí Adépọ̀jù ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Inú háàdì-díráìfù tó wà lórí tábìlì yìí nìkan ni ohùn Adépọ̀jù kù sí. Bí iṣẹ́ bá ti dá a dúró sórí omi, á pa ààlọ́, á gbà á sílẹ̀ fún Stephanie, ọmọ wọn, tó jókòó tì í báyìí. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Pidgin ló fi ń dáhùn. Sọ́ńdè tó kọjá, àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kò rí ṣájà díráìfù náà, ló bá ki ti láàpútọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́. Ó wọlé wẹ́kú, àmọ́ iná rẹ̀ pọ̀ jù. Èéfín rú, bọ́ọ̀dù tó ń gbé iná kiri inú rẹ̀ jóná. Ṣọlápé kò bá a wí. Ta ni yóò bá ọmọ tó ń wá bàbá rẹ̀ wí?

Kingsley ti rí irú bọ́ọ̀dù náà lára díráìfù àlòkù kan ní Effurun. "Board no be wahala," ó ní. "Na this small one I dey fear." Ó tọ́ka sí nǹkan dúdú kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Òun nìkan ló mọ ọ̀nà inú díráìfù náà. Bó bá fọ́ kó tó dé ara bọ́ọ̀dù kejì, ó parí nìyẹn.

"Olúwa, dákun," Ṣọlápé ń sọ lábẹ́lẹ̀. Kingsley fi irin gbígbóná yọ ọ́, ó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù kejì, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Díráìfù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn jẹ́jẹ́. Kingsley kó gbogbo ohun inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ló tẹ ọ̀kan nínú àwọn ààlọ́ náà.

"Ààlọ́ o!"

Omijé bọ́ lójú Ṣọlápé. Àfi bí ohùn náà ṣe dákẹ́. Òjò nìkan ló kù.

"Yéè! Ó tún ti bàjẹ́!"

Kingsley na ọwọ́ sí wáyà.

"Leave am!" Stephanie ní. "E no spoil. Na me Daddy dey wait for. I no dey ever answer am."

Lóòótọ́, Adépọ̀jù rẹ́rìn-ín nínú kọ̀ǹpútà. "Ó dáa, mo mọ̀ pé ò ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ọmọ mi. Ààlọ́ o!"

Ó tún dákẹ́. Stephanie wo ìyá rẹ̀, ó sún mọ́ tábìlì.

"Ààlọ̀!" ó dáhùn.

Bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.