Ọ̀pá Tí Mo Gé fún Ilé Onítáyà

Ọkọ̀ tí àkọ́bí mi rà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ilé ni. Ó ní bẹ́ẹ̀dì méjì, ó ní ibi ìdáná, ó ní ilé ìwẹ̀ tí èèyàn ò lè yí padà nínú rẹ̀ láìfi ìgbọ̀nwọ́ gbá ògiri. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ilé Onítáyà, gbogbo àdúgbò sì gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

Gíga rẹ̀ ni wàhálà rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé e wálé, ó fi orí ọkọ̀ wó páìpù omi òjò ilé aládùúgbò wa. Lọ́sẹ̀ kejì, ó fa wáyà já lójú títì. Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ tí kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, wá sọ fún un lójú mi pé, “Bàbá Ìbejì, tí ọkọ̀ yìí bá tún forí gbá nǹkan kan, ibẹ̀ la ti máa yí padà sílé, ẹ ó sì tà á.”

Ọmọ mi ní ó dáa. Kí ni ì bá tún sọ?

Èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn kó láyà sókè jù. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kò gbà kí n jókòó sínú bọ́ọ̀sì ju wákàtí kan lọ mọ́, ìrìn wákàtí méje ló sì wà láàárín èmi àti àbúrò mi obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ̀ mí lọ́mọdé. Ọdún mẹ́sàn-án la ti fi ń gbọ́ ohùn ara wa lórí fóònù. Nínú Ilé Onítáyà, mo lè na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì títí a ó fi débẹ̀. Tí wọ́n bá tà á, orí fóònù náà la máa parí ẹ̀ sí nìyẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe gé ọ̀pá.

Bàbá wọn, ọkọ mi tó ti lọ sinmi, ọkọ̀ tó ń kó pákó ló fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà. Kò mọ̀wé, èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Tó bá dé ibi tí afárá ti rẹlẹ̀, kì í wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ní ọ̀pá kan tó ga bá ẹrù rẹ̀ dọ́gba. Èmi ni màá sọ̀kalẹ̀, màá na ọ̀pá sábẹ́ afárá. Bí ọ̀pá bá kọjá, ọkọ̀ á kọjá. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi bá a na ọ̀pá, a ò fọ́ nǹkan kan rí.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, tí ẹrù ti wọlé tán, tí táǹkì omi ti kún, tí ìyàwó ọmọ mi ń to ìkòkò sínú ọkọ̀, mo dúró nílẹ̀, mo na oparun sókè. Ọmọ mi yọ orí jáde ní fèrèsé òrùlé, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá ìdérí fáànù dọ́gba. Ìdérí yẹn ló ga jù lára ọkọ̀ náà. Mo fi ayùn gé oparun níbi àmì.

“Màámi, gíga rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀,” ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìwé yẹn ò tíì gbọ́ pé o ti gbé fáànù tuntun sórí rẹ̀.”

Ó fa orí rẹ̀ wọlé.

A gbéra láàárọ̀. Lójú ọ̀nà, ìyàwó ọmọ mi fọ abọ́, èmi wẹ̀, nígbà tó tún ṣe díẹ̀ mo tún wẹ̀, torí mo fẹ́ kí ara mi tutù dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, iná pupa tó ń sọ pé epo ń tán ti tàn. Ní ilé epo àkọ́kọ́, mo na ọ̀pá sábẹ́ òrùlé tí wọ́n fi bo páǹpù, ó gbá a. Ní ìkejì, ó tún gbá a. Ní ìkẹta, ọ̀pá kọjá, ó ku àlàfo bí ìbú ìka kan.

“Ó kọjá,” mo ní.

Ìyàwó ọmọ mi ti sọ̀kalẹ̀ wá dúró tì mí. “Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?”

“Ọdún mẹ́rìnlá, ìyàwó mi.”

Ọmọ mi nìkan ló kù nínú ọkọ̀. Ó wọ́ ọ wọlé bí ẹni tó ń fi òwú wọ ojú abẹ́rẹ́. Iwájú kọjá. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn kékeré kan, kẹ̀ẹ́ẹ́, bí ìgbà téèyàn fi èékánná ha àwo.

Ó tẹ bíréèkì. Ìdérí fáànù ti há sábẹ́ etí òrùlé náà. Bó bá lọ síwájú, yóò fọ́. Bó bá padà sẹ́yìn, yóò fọ́.

Mi ò lè wo ojú ìyàwó ọmọ mi. Mo tún na ọ̀pá sábẹ́ òrùlé, ó tún kọjá. A jẹ́ pé ọkọ̀ ló ga sí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo rò ó títí, mo ní bóyá ogbó ti ń bá mi lórí jà.

Oníbúrẹ́dì kan tó wà lẹ́yìn wa fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi sú u, ó wá sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin tó sanra dáadáa ni. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé lẹ wá ra epo fún ni?”

“Ẹ ní sùúrù, ọ̀gá,” ọmọbìnrin tó ń ta epo dá a lóhùn.

Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo bá gòkè lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kíá ni ọmọbìnrin elépo náà yọjú. “Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀ ná.” Mo sọ̀kalẹ̀. “Ẹ tún padà wọlé.”

“Ṣé mo ti di ẹni tí o fi ń ṣeré ni, ọmọ yìí?”

“Rárá mà. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ọkọ̀ ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ láàárín òrùlé wa àti ìdérí yẹn.”

Ìgbà yẹn ló yé mi. Bàbá wọn kì í jẹ́ kí àwọn agbẹ́rù sọ̀kalẹ̀ tí a bá fẹ́ gba abẹ́ afárá. Mo máa ń sọ pé ó ń kẹ́ wọn jù. Àṣé ìwúwo wọn ló ń wá, kí irin sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ lè tẹ̀. Ìgbà tí omi kún táǹkì, tí ọmọ àti ìyàwó wà nínú ọkọ̀, ni mo wọn tèmi. Omi yẹn ni mo fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Epo ti tán, gbogbo wa ti sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ wá nà ró.

Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. “Ẹ̀bi mi ni.”

Ìyàwó ọmọ mi wò mí, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí i lẹ́nu. “Màmá, ẹ wọn oníbàárà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá ń bínú pé aṣọ kúrú nígbà tó dìde.”

Rọ́bà páǹpù dé ojú táǹkì, wọ́n rọ epo kún un. Wọ́n fa rọ́bà omi wá, omi náà kún. Oníbúrẹ́dì sún ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì wá wọlé kí ọkọ̀ lè wúwo sí i. Ó rọra jókòó tì mí, bẹ́ẹ̀dì dún.

“Ọjọ́ gbogbo ni ìyàwó mi ń bú mi pé mo sanra,” ó ní. “Màmá, ẹ ó bá mi jẹ́rìí lónìí.”

“Sún mọ́ ìsàlẹ̀ fáànù dáadáa,” mo ní.

Ọmọbìnrin elépo dúró níta, ó ń pariwo fún ọmọ mi pé, “Ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn, bàbá. Ẹ máa bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń bẹ.” Díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ bọ́ sí gbangba.

Ìyàwó ọmọ mi gun àkàbà ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ wo ìdérí náà. Ọmọ mi dúró nísàlẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń retí máàkì.

“Ṣé ká yí padà?” ó bi í.

Ìyàwó rẹ̀ fa aṣọ yọ lápò, ó nu ìdérí náà, ó tún nù ún. “Ìlà kan bí òwú ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀,” ó ní. “Mi ò rí i mọ́. Yí padà lọ síbo? Ṣebí àbúrò Màmá ń retí wa.”

Kó tó wọlé, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó so ìgé oparun kan tó gùn tó ìka mi mọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa. “Ti ìgbà tí ebi bá ń pa ọkọ̀ nìyí.”

Ní géètì àbúrò mi, aṣọ pupa gbá irin tó wà lókè. A páàkì síta. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde wá bá wa, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo oparun ọwọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́sàn-án, ẹgba lẹ mú wá bá mi?”

“Wọlé wá ná, oníyẹ̀yẹ́.”

Ó gòkè wá, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú. Mo gbọ́ bí sípíríǹgì ṣe rọra tẹ̀ lábẹ́ wa.