Ẹsẹ̀ Tí Yóò Kọ́kọ́ Wọlé

Ta ní ń rìnrìn àjò afẹ́ nígbà tí Tết, ọdún tuntun wa, ku ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ dá mi lóhùn. Gbogbo ọkọ̀ ojú irin ló kún fún ẹni tó ń relé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Hà Nội ń gun alùpùpù bọ̀ wá sí abúlé, ọmọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, ẹ̀ka òdòdó pupa tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ìgbà tí ará ayé ń wá ilé baba wọn lọ yẹn ni obìnrin kan láti Sài Gòn lọ́hùn-ún sọ̀kalẹ̀ níwájú géètì mi pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé èmi Lụa ń gba àlejò, pé òun fẹ́ wo odò.

Mo ń gba àlejò lóòótọ́. Yàrá méjì ló wà fún wọn nínú ilé mi, mo sì ní ọkọ̀ ojú omi tí mo ń fi ẹsẹ̀ wà láàárín àwọn òkè olókùúta wa. Ṣùgbọ́n n kì í gba àlejò lásìkò ọdún. Ǹ bá ti ní kó máa lọ, àmọ́ òjò wínníwínní ń rọ̀ sí i lórí, Nhài ìyàwó ọmọ mi sì ti gbé agboòrùn pàdé rẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n."

"Olè pàápàá máa ń gbọ̀n," ni mo wí.

Nhài rẹ́rìn-ín, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yìí gba gbogbo ènìyàn gbọ́. Èmi kò lè gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lọ́dún yìí, nítorí oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀, méjì sì ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú èyí. Thuận ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, ń bẹ lójú òkun pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, kò ní lè wálé ṣọdún. Èmi nìkan ni mo ń ṣọ́ oyún náà.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, orí ẹni náà ni ilé yóò fi ṣọdún. Ọdún tí oyún kejì bà jẹ́, aládùúgbò wa kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù jáde ló já wọlé wá tọrọ iná. Iná! Lọ́jọ́ ọdún! Ẹni tó bá fún ènìyàn níná lọ́jọ́ yẹn ti fún un lóríire ilé rẹ̀. Lọ́dún yìí, mo ti lọ bẹ Tíṣà Khoát láti inú oṣù tó kọjá. Lọ́dọ̀ wa, ẹranko kan ló ni ọdún kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí wọ́n bí nínú rẹ̀: ọdún Ajá ni wọ́n bí i, ọdún Ẹṣin la fẹ́ wọ̀, Ajá àti Ẹṣin sì mọwọ́ ara wọn. Ọmọ rẹ̀ yè, ìyá rẹ̀ arúgbó wà láàyè, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Ó ṣèlérí pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ òun á dé.

Sương ni àlejò náà pe ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e wọ ọkọ̀, mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀.

"Àbúrò, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Méjìdínláàádọ́ta, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta kọfí."

"Ẹ̀hẹn. Ọmọ ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. "Òkè yìí mà ga o."

"Òkè yẹn ti ga kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ọmọ ni mo béèrè."

Ó yí ọ̀rọ̀ sí ìrìn àjò rẹ̀. Ó ní òun ti dé Cần Thơ, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ọ̀pẹ̀yìnbó kọ́ orí ọ̀pá. Ó ní òun dé Huế, òjò kò jẹ́ kí òun rí nǹkan kan. Ní Hà Nội, òun jókòó jẹ phở, núdùlù inú omi ọbẹ̀ gbígbóná, òun ní kí ìyá tó ń tà á fún òun ní ṣúgà díẹ̀ sí omi ọbẹ̀.

"Ìyá yẹn ní, 'Ṣúgà? Padà sí Sài Gòn lọ jẹ ẹ́!' Ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Ebi ṣì ń pa mí."

Ẹ̀rín já mọ́ mi lẹ́nu kí n tó mọ̀. Mo tètè dì í padà. Ẹni tó bá fẹ́ tan ènìyàn jẹ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi ń pa á. Obìnrin tó rìn láti ìpẹ̀kun gúúsù dé ọ̀dọ̀ wa, kò ya fọ́tò kan. Fóònù rẹ̀ kò dún lẹ́ẹ̀kan, lásìkò tí fóònù ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá ń dún. Èyí tó sì burú jù níbẹ̀: mo rí i bó ṣe ń wo ikùn Nhài. Á wò ó, á gbójú kúrò, á tún wò ó.

Ìfura loògùn àgbà. Mo rò ó pé gbèsè ló ń sá fún. Mo rò ó pé ọlọ́pàá ń wá a. Mo tilẹ̀ rò ó pé Thuận lọ ṣe nǹkan ìtìjú ní èbúté Sài Gòn, pé ẹni tó wá ká a mọ́lé nìyí, ṣùgbọ́n mo wo ọjọ́ orí obìnrin náà, mo bẹ orí ọmọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, mo se omi ewé olóòórùn dídùn tí à ń fi wẹ ọdún tó ń lọ dànù. Mo gbé korobá tirẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀. Ó wà ní balùwẹ̀. Kóòtù rẹ̀ wà lórí ibùsùn, inú rẹ̀ ló yọ síta. Mo rí i. Aṣọ dúdú pélébé kan, kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n fi pín-ìnnì kọ́ sí apá inú, níbi tí àyà ń wà.

Ọ̀fọ̀.

Ọlọ́fọ̀ kì í wọ ilé onílé lásìkò Tết, ọmọdé mọ èyí. Ìkókó inú ọ̀já mọ̀ ọ́n. Obìnrin yìí sì yọ aṣọ ọ̀fọ̀ kúrò lójú kóòtù, ó fi pa mọ́ sínú, ó wá jókòó sílé aboyún. Inú bí mi débi pé mo gbé omi rẹ̀ padà. Mo lọ jókòó nídìí ìkòkò tí a fi ń se ìrẹsì ọdún tí a fi ewé dì, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún un sẹ́nu. N kò sọ fún Nhài. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti etí aboyún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ pé mi lẹ́nu, mo padà lọ. Yàrá ṣófo. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn dáadáa, àpò wà nílẹ̀, èèyàn kò sí. Mo lọ yẹ ṣíbí mi wò, ó pé. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú sí i, torí bó bá jẹ́ pé ó jalè ni, ǹ bá ti mọ ohun tó ń wá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó jáde kó lè rí ibi wọlé ni! Ilẹ̀ yóò mọ́, yóò kan géètì, Nhài onínúure yóò sáré lọ ṣí i.

Mo fi ọ̀pá dábùú géètì. Mo kó àga tì í.

Ìkùukùu bo ojú ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Mo ti wọ aṣọ tuntun, tùràrí ń jó lórí pẹpẹ àwọn bàbá wa. Mo fi etí lé pátákó géètì. Ẹsẹ̀ ènìyàn ń bọ̀, bàtà tuntun ni, mo mọ̀ pé Tíṣà ni. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀pá ìdábùú, ohùn obìnrin sì sọ̀rọ̀ ní ìta.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ibẹ̀."

Òun ni. Mo ní, "Ahà." Ẹ wò ó bó ṣe ń dí Tíṣà lọ́nà kó lè kọ́kọ́ wọlé!

"Ta nìyí?" ni Tíṣà béèrè. "Ẹ yà fún mi jàre, wọ́n ń retí mi."

"Tẹ́ḿpìlì etí odò ni mo sùn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ yín obìnrin wá bá màmá tó ń tọ́jú ibẹ̀ lálẹ́ àná, ó ní ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ ilé yìí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu kí ẹkún má baà jáde. Mo mọ irú ẹkún yẹn, Tíṣà."

Mo tún fi etí lé géètì dáadáa.

"Kí ìyá wa tó kú lálẹ́ àná ló ti ní kí a má sọ," ni Tíṣà wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ó ní òun ò fẹ́ ba ọdún jẹ́ mọ́ abúlé lọ́wọ́. Ó ní kí a pa á mọ́ra títí di ọ̀la. Bí n ò bá wá síbí, Lụa á wá pè mí. Ẹ ò mọ Lụa. Inú yàrá tí a tẹ́ ìyá sí gan-an ló máa dé."

"Ẹ lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Ẹ lè sọ pé inú ń run yín. Aboyún ló wà nínú ilé yìí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní ìwé kíkà. Kí ni ǹ bá ti ṣe?"

N kò mọ ìgbà tí mo ṣí géètì. Mo kàn rí ara mi lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà dúró nínú aṣọ tuntun, ẹ̀ka òdòdó lọ́wọ́, omijé lójú. Obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì gbalaja bí ẹni tó ń dá màlúù padà.

A kì í bú ènìyàn lọ́jọ́ kìíní ọdún. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà ì bá gbọ́ tirẹ̀. Èmi tí mo lọ fi ẹsẹ̀ ara mi bẹ̀ ẹ́! Mo fi eyín há ahọ́n. Mo ní, "Tíṣà, ẹ máa relé lọ bá ìyá. N kò rí yín." Ó tẹrí ba, ó sì wọnú ìkùukùu lọ.

Mo kọjú sí obìnrin yìí. "Ìwọ náà, ọ̀fọ̀ ń bẹ lára rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé n ó ti lọ kí ọdún tó wọlé, mọ́tò ni kò sí mọ́. Ìdí tí mo fi lọ sí tẹ́ḿpìlì nìyẹn. Ẹ bá mi na àpò mi síta, ẹ̀gbọ́n mi. N kò ní fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yín."

Nhài ti yọ sẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ gbé ikùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Màámi, ta ni yóò wá wọlé wa?"

N kò mọ̀. Eku ni èmi, Eku àti Ẹṣin kì í fojú kan ara wọn. Ẹfọ̀n ni Nhài, kò sàn jù mí lọ. Ọ̀nà dá páropáro, bí ẹlẹ́kún bá sì tún yọ ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí, n kò purọ́.

Sương ló sọ̀rọ̀ láti ìta. "Ọmọ inú rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò tíì bí i, kò tíì ní ẹranko tirẹ̀. Kò sí ẹranko tó ń bá a jà."

Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání débi pé ó dùn mí pé kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní kí Nhài gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde, kó yí gba ojú ọ̀nà. Ó yí i wá, ó rọra ń tẹ ilẹ̀, Sương sì fà sẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ ògiri òdìkejì kí ẹ̀wù rẹ̀ má baà kàn án. Ikùn ló kọ́kọ́ wọlé kí ìyá tó wọlé. Nhài pariwo: "Ó ta mí nípàá, Màámi! Ó mọ̀!" Mo wólẹ̀ níwájú pẹpẹ.

Nígbà tí mo dìde, mo gbé oúnjẹ sórí àtẹ. Nhài kò béèrè ibi tí mo ń gbé e lọ. Mo jáde, mo tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà nínú ìrì, èmi Lụa tí n kò jẹun ọdún níta rí.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn á rí yín."

"Kí wọ́n rí mi. Jókòó. Ta lo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

"Ọmọ mi. Thoa. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá a nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. N kò lè jókòó sílé láìsí i lásìkò Tết, kò sì sí ilé tí mo lè wọ̀. Ojú ọ̀nà nìkan ni kò kọ̀ mí."

Mo ní, "A kì í fi aṣọ ọ̀fọ̀ sára nítorí ọmọ. Ọmọ ló ń fi í sára fún òbí."

"Mo mọ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò ní àbúrò. Bàbá rẹ̀ kò wá. Ta ni ì bá fi í sára fún un?"

Mo dìde, mo lọ mú abọ́ kẹta wá àti ọ̀pá ìjẹun méjì, mo bu ìrẹsì sí i, mo gbé e sí ojú ẹní níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Nínú ilé ara ẹni la ti ń pe òkú wá jẹun, òkú ẹni la sì ń pè. Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

Mo ní, "Thoa, ọmọ mi, wá jẹun."