Lábẹ́ Oògùn Pupa

Evaristo da oògùn funfun náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó tìfura-tìfura, ó sì dá a padà sínú páálí rẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ nìyí tí òun àti oògùn náà ti jọ ń fa èyí láràárọ̀. Lára ògiri ilé ìdáná ni káàdì wà tí Deolinda ìyàwó rẹ̀ lẹ oògùn mọ́ kó tó kú: pupa kan, "ọkàn, ní òwúrọ̀", funfun kan, "oorun, ní alẹ́". Ta wá ni yóò máa gbé oògùn oorun mì láàárọ̀?

Nígbà tó dìde láti bomi sí kọfí, òòyì kọ́ ọ. Ó di ara ilẹ̀kùn mú títí òòyì náà fi rọlẹ̀. Ó ní ọjọ́ orí ni.

Lọ́sàn-án, nígbà tí ilé ìtajà oògùn tilẹ̀kùn fún oúnjẹ, Noémia tó ń tajà níbẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn Evaristo.

"Ọjọ́bọ̀ lónìí, Bàbá Evaristo, ẹ ò wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Mo ní bóyá ẹ ti rí obìnrin mìíràn."

"Èyí tí mo ní ò tíì kúrò nílé." Ó nàka sí káàdì náà.

Noémia di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti mọ bí iṣan ṣe ń lù, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu ọmọbìnrin náà. "Ṣé ẹ ń lo oògùn ọkàn yín?"

"O ò fún mi. Ti oorun lo fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bá ọ jà o, Dókítà kékeré. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe."

Noémia kó oògùn funfun méjèèjì sórí tábìlì. "Ẹ wò ó. Ti oorun gùn, èyí roboto, wọ́n sì kọ mẹ́wàá sí i lára. Oògùn ọkàn yín náà ni. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi yàtọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín, èrò ló pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ dárí jì mí."

"Deolinda ní pupa."

"Igi tí ẹ bá bó lónìí, àwọ̀ wo ló ń ní?"

Ogójì ọdún ni Evaristo fi bó èèpo igi tí wọ́n ń fi ṣe ìdérí ìgò wáìnì. "Pupa."

"Tó bá pẹ́ ńkọ́?"

"Á dúdú."

"Kí lẹ wá fi ń dá a mọ̀?"

"Òǹkà tó gbẹ̀yìn nínú ọdún tí a bó o, tí a fi ọ̀dà kọ sí i lára."

Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Evaristo tún mú oògùn roboto náà, ó ka mẹ́wàá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kọ́ ló ń dùn ún jù. Bí pupa yẹn bá kúrò lára káàdì, ohun tí Deolinda fọwọ́ kàn nínú ilé yìí á tún dín kan.

Noémia pe dókítà lórí fóònù. Dókítà ní kí Evaristo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lónìí, kó sì wá rí òun lọ́la.

"Ká lẹ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa," ni Noémia wí.

"Rárá. Mo mọ ara mi. Bí méjì bá wà níbẹ̀, méjì ni màá lò."

Ó sọ káàdì náà kalẹ̀, ó sì fi èékánná ṣí oògùn pupa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àpá roboto aláwọ̀ ìyeyè wà lábẹ́ rẹ̀. Àpá mìíràn, aláwọ̀ aró, tún yọ díẹ̀ lábẹ́ ìyẹn. Deolinda ti fi pẹ́ńsù kọ òǹkà tíntìntín sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára igi: mẹ́ta, lẹ́yìn náà méje.

Evaristo jókòó. Láràárọ̀ ló máa ń la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ tí Deolinda á fi oògùn síbẹ̀, tí á gbé e mì, ojú rẹ̀ á sì wà lórí ìwé ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oògùn ti yí padà tí òun ò mọ̀. Deolinda nìkan ló fi ara rẹ̀ gba ìpayà rẹ̀.

"Kí lẹ rí?"

"Bá mi wá gọ́ọ̀mù."

Ó lẹ funfun náà mọ́ ọn, ó sì kọ òǹkà ọdún yìí sábẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Òǹkà náà wọ́ díẹ̀. Ó bu omi, ó jókòó, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Noémia fi oògùn náà síbẹ̀.