Kí Wọ́n Má Sọ Pé Ebi Pa Màmá

Nígbà tí Jàfárù lọ mú ìyá rẹ̀ wá sí Ẹ̀gbẹ́dá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ìyá náà ti rù kan egungun. Opó tó ń dá gbé, ta ni yóò máa sè fún? Kò tíì pẹ́ tó dé inú ilé tí gbogbo wa jọ háyà ni Mọ̀dínátù, àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé ní Ìyànà Ìpájà, wá kí i. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Aasiyah, ìyàwó Jàfárù, ó sì béèrè níṣojú wa bóyá oúnjẹ ló wọ́n ní Ẹ̀gbẹ́dá àbí ọwọ́ ìyàwó ló há. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àdúgbò ti gbọ́ pé Aasiyah ń febi pa ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹnu ayé lẹbọ.

Aasiyah kì í ṣe aláròyé, ìdáná ló fi fèsì. Ẹ̀bà rẹ̀ ń ga, ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta sánsán, ẹran tó yẹ kó fi sẹ́nu ara rẹ̀, inú abọ́ Màmá ló ń bù ú sí. Màmá náà kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, a sì ń kí Aasiyah kú ìtọ́jú. Mọ̀dínátù pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà tó tún wá. Kí la tún fi ń mọ ìyá tí ọmọ ń tọ́jú ná, bí kò bá ṣe ẹran ara?

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé Màmá ti bá àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù lọ yẹ ara wò. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, kó dín oúnjẹ kù, kó jẹ́ kí ara náà fúyẹ́ díẹ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó délé, ó jẹ iyán.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ojú rẹ̀ sì ń kún láàárọ̀, a ní ara ìyá túbọ̀ ń yọ̀ ni. Àfi ìgbà tí Aasiyah ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, tí ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ jìn sínú, tí kò padà bọ̀ sípò. Ẹ̀rù bà á. Kó tó di ọjọ́ kejì, Màmá ò lè mí dáadáa mọ́.

Ní ọsibítù, dókítà ní kíndìnrín méjèèjì ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ló jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó bi Aasiyah bóyá ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wọn rí. Aasiyah ní rárá. Màmá dá Aasiyah, ìyá Mùíz ọmọ ọmọ rẹ̀, lóhùn láti orí ibùsùn.

“Wọ́n sọ fún mi, Ìyá Mùíz. Tí mo bá rù, ìwọ ni wọ́n máa bú. Èmi ti dàgbà, ìwọ lo ṣì máa bá wọn gbé.”

Aasiyah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ Màmá, ẹ̀rọ náà sì ń fa omi kúrò lára rẹ̀. Ẹran ara tí a ń kí ìyàwó fún, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí Mọ̀dínátù wọlé, awọ àti egungun ló bá lórí ibùsùn. Màmá rí i bó ṣe ń wo Aasiyah, ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá, kí Mọ̀dínátù lè rí i pé òun ń jẹun. Ó na ọwọ́ sí ṣíbí. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Aasiyah gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ìkà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́.”

Màmá mi orí, ó ṣì la ẹnu sílẹ̀ de oúnjẹ. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ìyá ti lọ.

Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ sọ níta pé ó rù púpọ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu dé ẹnu. Mo lọ bá Aasiyah, mo ní kó má dá wọn lóhùn. Ó ní inú ò tiẹ̀ bí òun sí wọn. Ó ní ká ní Màmá ṣì wà láàyè ni, òun ì bá gbà kí wọ́n máa sọ ọ́ títí òun náà á fi kú.